Ẹ Yé Pe Àgbájọ Sẹ́ẹ̀lì ní Ẹ̀dọ̀

Ìjà ni mo bá wá sínú ìwé wa lẹ́ẹ̀kan yìí, ṣùgbọ́n n kò wá jà lásán. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ka ìwé ìròyìn yóò ti rí i kà pé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti dá ọpọlọ sínú àwo, pé wọ́n ti ṣe ẹ̀dọ̀ sínú ìgò, pé kò ní pẹ́ mọ́ tí a kò fi ní nílò ẹran láti dán oògùn wò. Àwọn kan nínú wa a sì máa tún ọ̀rọ̀ náà sọ ní kíláàsì bí ẹni ń ka kátíkísìmù. Èmi ń sọ pé irọ́ wà nínú orúkọ yẹn. Àgbájọ sẹ́ẹ̀lì ni ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwo wọ̀nyí. Ohun tí ó sì ya àgbájọ sẹ́ẹ̀lì sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀yà ara tòótọ́ ni àrokò tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn, àti bí àrokò náà ti ń dínkù láti ibì kan dé ibòmíràn. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. A ti sọ ọmọ yìí lórúkọ láìwo ilé.

Kí n tó máa jà lọ, ó yẹ kí n ṣàlàyé. Láti inú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni olúkúlùkù wa ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan di méjì, méjì di mẹ́rin, títí ó fi di àìmoye. Ogún kan náà ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn: ohun tí a kọ sínú sẹ́ẹ̀lì ojú ni a kọ sínú sẹ́ẹ̀lì àtàǹpàkò. Bí ogún bá jẹ́ ọ̀kan, báwo ni ti ojú ṣe mọ̀ pé ojú ni òun yóò dà, tí ti àtàǹpàkò náà sì mọ iṣẹ́ tirẹ̀? Àwọn tí ń pariwo pé jíìnì ni ó ń pàṣẹ ohun gbogbo kò tíì dáhùn ìbéèrè yìí. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé sẹ́ẹ̀lì kì í dá pinnu. Ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni ó ti ń gbọ́ ibi tí òun wà. Àwọn kan láàárín wọn a máa tú èròjà kan jáde. Èròjà náà a ràn kálẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wọn. A pọ̀ nítòsí, a sì máa dínkù bí ó ti ń jìnnà, títí yóò fi tán. Sẹ́ẹ̀lì tí ó gba púpọ̀ mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ orísun ni òun wà. Èyí tí ó gba díẹ̀ mọ̀ pé òun jìnnà sí i. Olúkúlùkù a wá ṣe ohun tí ó bá ipò rẹ̀ mu.

Ìdí nìyí tí mo fi pè é ní àrokò. Ní ayé àtijọ́, bí ọkùnrin bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí obìnrin, ẹ̀fà ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé ọkàn òun fà mọ́ ọn. Bí obìnrin náà bá fi mẹ́jọ dáhùn, ẹ̀jọ ni, pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Owó ẹyọ kan náà ni. Iye rẹ̀ ni ó yí ìtumọ̀ padà. N kò sọ pé àwọn baba wa mọ ohun tí ń jẹ́ sẹ́ẹ̀lì. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé èdè wa ti ní orúkọ fún iṣẹ́ tí à ń rán, tí iye ohun tí a fi rán an jẹ́ ara ìtumọ̀ rẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí ó bá ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ọlẹ̀ mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dídínkù rẹ̀ ni n ó máa pè ní ìdàgẹ̀rẹ́ àrokò, nítorí pé bí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ó rí, tí ó ga ní apá kan tí ó sì rẹlẹ̀ ní apá kejì.

Ẹ má ṣe rò pé àlọ́ ni mo ń pa. Ní 1952 ni Alan Turing, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ìṣirò hàn pé èròjà méjì tí ń ràn kálẹ̀ tí wọ́n sì ń bá ara wọn fà á lè fa ìlà àti àmì sí ibi tí kò sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Ní 1969, Lewis Wolpert, tí a bí sí Johannesburg, tí ó sì ti ṣiṣẹ́ ẹnjiníà kí ó tó yí sí ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí, fi àsíá ilẹ̀ Faransé ṣe àkàwé. Ó ní kí a ka àwọn sẹ́ẹ̀lì sí ènìyàn tí ó tò sórí ìlà kan. Àwọn tí àrokò pọ̀ lọ́dọ̀ wọn yóò wọ aṣọ aláró, àwọn tí ó mọ níwọ̀n lọ́dọ̀ wọn yóò wọ funfun, àwọn tí ó kéré lọ́dọ̀ wọn yóò wọ pupa. Ọdún kan lẹ́yìn èyí, ní 1970, Francis Crick ṣírò rẹ̀, ó sì rí i pé láàárín wákàtí mélòó kan, èròjà lè ràn débi tí ó tó bíi mìlímítà 1. Ẹ kíyè sí i pé ìrìn náà kò rí bí ìrìn ẹsẹ̀: bí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, àkókò a di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí ọlẹ̀ fi ń ṣe ètò ara rẹ̀ nígbà tí ó ṣì kéré. Ní 1988, Wolfgang Driever àti Christiane Nüsslein-Volhard rí i gbangba lára kantíkantí, eṣinṣin wẹ́wẹ́ tí ń yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ ká: èròjà tí wọ́n pè ní Bicoid pọ̀ ní ìhà orí ẹyin rẹ̀, ó sì ń dínkù lọ sí ìhà ìdí. Ní 1995, Nüsslein-Volhard wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí ọlẹ̀ eṣinṣin yìí.

Bí a bá sì ṣi àrokò fi ránṣẹ́ ńkọ́? Ní 1968, John Saunders àti Mary Gasseling gé ẹran bíńtín láti ẹ̀yìn apá ọlẹ̀ adìyẹ, wọ́n gbìn ín sí iwájú apá ọlẹ̀ mìíràn. Adìyẹ tí ó yẹ kí ó ní ìka mẹ́ta ní apá náà wá ní mẹ́fà, mẹ́ta kọjú sí mẹ́ta bí ẹni ń wo dígí. Ní 1981, Cheryll Tickle fi hàn pé bí sẹ́ẹ̀lì tí a gbìn bá ti pọ̀ tó ni ó ń sọ irú ìka tí yóò yọ. Ẹ̀fà àti ẹ̀jọ náà nìyẹn! Ní 1993 ni a mọ orúkọ èròjà náà, Sonic hedgehog, orúkọ tí wọ́n yá láti inú eré fídíò. Nílẹ̀ wa, ọmọ tí ó bá ní ìka mẹ́fà, Olúgbódi ni orúkọ tí ó mú wá láti ọ̀run. Ohun tí ń fa ìka àfikún kò mọ sí ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ìdílé kan tí irú ìka bẹ́ẹ̀ ń yọ ní ìhà àtàǹpàkò, a fi hàn ní 2003 pé àṣìṣe kékeré wà nínú apá ogún tí ń sọ ibi tí a ó ti pèsè èròjà yìí. Àrokò dé ibi tí a kò rán an.

Òdìkejì rẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìpínlẹ̀ Idaho ní Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1950, àwọn darandaran rí i pé àgùntàn wọn ń bí ọmọ olójú kan, ojú náà sì wà láàárín iwájú orí. Ewé igbó kan tí ń jẹ́ Veratrum californicum ni àwọn ìyá wọn ti jẹ ní nǹkan bí ọjọ́ kẹrìnlá oyún. Ní 1998 ni a fi hàn pé oró inú ewé náà kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì gbọ́ àrokò Sonic hedgehog. Àrokò náà ni ó yẹ kí ó pín pápá ojú kan sí méjì. Nígbà tí wọn kò gbọ́ ọ, ojú kò pín. Ẹni tí ó bá sọ pé ọ̀rọ̀ ìdàgẹ̀rẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré, kí ó lọ wo orí ọ̀dọ́ àgùntàn wọ̀nyẹn kí ó tó padà wá bá mi jiyàn.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wá yà sí ilé ìwádìí. Kí ni à ń ṣe níbẹ̀? A ó tẹ́ sẹ́ẹ̀lì sínú àwo pẹlẹbẹ, a ó da omi aládùn lé wọn lórí, a ó po àrokò mọ́ omi náà pọ̀ dọ́gba, a ó sì sọ pé ẹran ara nìyẹn. Ìwọ̀n kan náà ni ti ọ̀tún gbà, òun náà ni ti òsì gbà, òun náà ni ti àárín gbà. Bí akéde bá dúró sí ẹnu ọ̀nà olúkúlùkù ará ìlú tí ó sì ń kígbe bákan náà, ta ni yóò mọ ibi tí ààfin wà? Gbogbo alángbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bí a bá sì rọ wọ́n jọ di òṣùṣù kí wọ́n má baà pẹlẹbẹ mọ́, ìyà mìíràn tún dé: ọ́síjìn kì í wọ inú wọn jìn, àárín wọn a máa kú bí òṣùṣù náà ti ń tóbi.

Ẹ̀dọ̀ ni mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí, nítorí pé òun ni ó ń jẹ ìyà oògùn. Ẹ̀dọ̀ wa pín sí abala wẹ́wẹ́ tí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ tó bíi mìlímítà 1. Ẹ̀jẹ̀ ń gba etí abala wọlé, ó ń ṣàn lọ sí iṣan tí ó wà ní àárín gbùngbùn. Ọ́síjìn pọ̀ létí, ó kéré láàárín. Àrokò tí ń jẹ́ Wnt ní tirẹ̀ ń ti ara iṣan àárín jáde, ó sì ń dínkù bí ó ti ń lọ sí etí. Nítorí náà iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì etí yàtọ̀ sí ti àárín. Bí ènìyàn bá gbé parasitámọ́ọ̀lù mì ju bí ó ti yẹ lọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó yí iṣan àárín ká ni ó kọ́kọ́ ń kú, nítorí pé ọwọ́ wọn ni èròjà tí ń sọ oògùn náà di májèlé pọ̀ sí jùlọ. Parasitámọ́ọ̀lù yìí náà ni à ń rà lọ́wọ́ oníkíọ́ọ̀sì láìsí ìwé dókítà! Ǹjẹ́ àwo tí kò ní etí tí kò sì ní àárín lè sọ fún wa ibi tí májèlé yóò ti kọ́kọ́ ṣọṣẹ́? Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tí a tẹ́ sórí àwo pẹlẹbẹ tilẹ̀ máa ń gbàgbé púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kí ni a wá ń pè ní ẹ̀dọ̀ níbẹ̀?

Àwọn kan yóò ní kí n má bínú, pé ọ̀rọ̀ orúkọ lásán ni. Rárá o. Ní oṣù Kejìlá 2022, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó mú un kúrò ní dandan pé kí a fi ẹran dán oògùn wò kí a tó dán an wò lára ènìyàn. Ní oṣù Kẹrin 2025, ilé-iṣẹ́ wọn tí ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn kéde ètò láti máa dín lílo ẹran kù, bẹ̀rẹ̀ láti orí irú àwọn oògùn kan, kí ẹ̀yà ara inú àwo àti ìṣirò kọ̀ǹpútà sì máa gba ipò rẹ̀. N kò takò ó. Ìyà tí ẹran ń jẹ kò dùn mọ́ mi, ara eku kì í sì í ṣe ara ènìyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá yọ ẹran kúrò lẹ́nu ọ̀nà tí a fi àwo sí ipò rẹ̀, àwo náà ti di onídàájọ́. Bí onídàájọ́ bá yadi sí apá kan ọ̀rọ̀, ara aláìsàn ni ẹjọ́ yóò dá lé. Àwa tí a kì í sì í sí níbi tí a ti ń ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́, àwa náà ni yóò gbé oògùn náà mì nígbẹ̀yìn.

Ẹnu mi kò sì gbà á láti sọ pé kò sí ọ̀nà àbáyọ, nítorí pé àwọn kan ti ń ṣe é dáadáa. Ní 2018, Pulin Li àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California to sẹ́ẹ̀lì tí ń rán Sonic hedgehog sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n to àwọn tí ń gbà á sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n sì ń wo bí ìdàgẹ̀rẹ́ ti ń dìde lójú wọn. Wọ́n rí i pé àwọn tí ń gba àrokò náà a máa pèsè ohun tí ń mú àrokò mọ́lẹ̀ sí i, èyí sì ni kì í jẹ́ kí ìdàgẹ̀rẹ́ náà bàjẹ́ bí orísun bá tilẹ̀ ń tú jáde jù tàbí tí kò tú tó. Ní 2019, àwọn onímọ̀ kan ní New York fi ìdì sẹ́ẹ̀lì tí ń rán àrokò yìí sí ìhà kan ṣoṣo lára àgbájọ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Àwọn apá ọpọlọ sì to ara wọn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti jìnnà sí ìdì náà tó. Ní 2020, àwọn mìíràn ní Denmark àti Sweden gba ojú ihò tóóró da omi tí agbára rẹ̀ ń dínkù díẹ̀díẹ̀ kọjá lórí sẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì rí iwájú ọpọlọ ní apá kan, ẹ̀yìn rẹ̀ ní apá kejì. Ní ọdún 2020 yìí kan náà, àwùjọ méjì, ọ̀kan ní London, èkejì ní San Francisco, mú èròjà atànmọ́lẹ̀ tí a kọ́kọ́ rí lára ẹranko òkun kan, èròjà tí kò ní iṣẹ́ kankan nínú ìdàgbàsókè ọlẹ̀, wọ́n kọ́ sẹ́ẹ̀lì láti máa gbọ́ ọ, ó sì di àrokò. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ohun tí a fi di àrokò kò ṣe pàtàkì tó bí a ti pín in àti bí etí tí ń gbọ́ ọ ti rí.

Mo mọ ohun tí àwọn tí kò gbà fún mi yóò sọ. Wọn yóò ní sẹ́ẹ̀lì lè ti ara wọn to ara wọn, kò dìgbà tí a bá kọ́ wọn. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Ní 2009, Toshiro Sato àti Hans Clevers mú sẹ́ẹ̀lì ìfun kan ṣoṣo, ó sì hù di ohun tí ó ní ihò àti kọ̀rọ̀ bí ìfun. Ní 2014, àwọn onímọ̀ kan ní New York há sẹ́ẹ̀lì ènìyàn mọ́ inú òbìrìkítí kékeré, wọ́n da àrokò kan náà lé gbogbo wọn lórí, síbẹ̀ wọ́n pín ara wọn sí òrùka òrùka, bí ọlẹ̀ ti ń pín ara rẹ̀ sí ìpele. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó wò. Nínú ìfun ti 2009, sẹ́ẹ̀lì kan lára àwọn ọmọ tí ó bí ni ó ń fi Wnt ránṣẹ́ sí aládùúgbò rẹ̀. Nínú òbìrìkítí ti 2014, ọgbà tí a há wọn mọ́ ni ó fún wọn ní etí àti àárín, àwọn fúnra wọn sì pèsè ohun tí ń dí àrokò lọ́wọ́. Níbi tí ètò bá ti wà, ìdàgẹ̀rẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ̀rí wọn ti di ẹ̀rí mi. Ohun tí ó kù ni pé bí a bá fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún sẹ́ẹ̀lì, olúkúlùkù àgbájọ a gbé kọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí ibi tí ó wù ú, méjì kì í jọra. Báwo ni a ó ṣe fi oògùn wéra lórí ohun tí kò jọra?

Wọn yóò tún ní àwo pẹlẹbẹ wúlò. Ó wúlò. Bí ìbéèrè rẹ bá jẹ́ pé ṣé èròjà yìí ń pa sẹ́ẹ̀lì tàbí kì í pa á, lo àwo rẹ, kò sẹ́ni tí yóò mú ọ. Ṣùgbọ́n sọ pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ nínú àwo ni o lò, má sọ pé ẹ̀dọ̀ ni.

Ẹ̀kẹta wọn ni ó dùn mí jù, nítorí pé ẹnu àwa fúnra wa ni mo ti ń gbọ́ ọ. Wọ́n ní iṣẹ́ olówó ni, kí a fi í sílẹ̀ fún òyìnbó, kí àwa máa ka èsì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Turing kò gé ọlẹ̀ kan nígbà tí ó kọ ìwé ti 1952. Ìṣirò ni ó fi ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá da ágà sínú àwo, tí ó kán aró sí ìpẹ̀kun rẹ̀ kan, tí ó sì ń fi rúlà wọn ibi tí aró dé láàárọ̀ àti lálẹ́, yóò fi ojú ara rẹ̀ rí òfin tí Crick gbẹ́kẹ̀ lé. Èyí kò ju agbára ilé ẹ̀kọ́ girama kan lọ. Kí sì ni ó dé tí a kò fi lè fi Yorùbá kọ́ ọ? Ẹ̀yin tí ẹ ní èdè wa kò lè gbé e, mo ti gbé e débí yìí. Bí ó bá wúwo fún yín, ẹ ràn mí lọ́wọ́ kí ẹ fún mi ní ọ̀rọ̀ tí ó dára ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé kò ṣeé gbé.

Ohun tí mo ń béèrè nìyí. Láti òní lọ, bí ẹnikẹ́ni bá dúró níwájú wa nínú gbọ̀ngàn tí ó ní òun ní ẹ̀dọ̀ tàbí ọpọlọ nínú àwo, ìbáà ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, ìbáà ṣe àlejò láti òkè òkun, kí a fi ọ̀wọ̀ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Níbo ni àrokò ti ń wá nínú rẹ̀? Ta ni ó wọn bí ó ti ń dínkù, báwo ni ó sì ṣe wọ̀n ọ́n? Bí a bá sún orísun rẹ̀ sí ibòmíràn, ǹjẹ́ ètò rẹ̀ ń yí padà bí ti apá adìyẹ Saunders ti yí? Bí ó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí a dìde kí a pàtẹ́wọ́ fún un. Bí kò bá lè dáhùn, kí a ní kí ó mú orúkọ náà padà, kí ó pe ohun tí ó ní ní orúkọ tí ó ń jẹ́. Orúkọ ń ro ọmọ, àwọn tí yóò gbé oògùn mì ni orúkọ èké yìí yóò sì rò.